Ọjọ́ Ààwẹ̀ Rẹ àti Owó Ọmọṣẹ́ Rẹ

Bíbélì kíkà: Aísáyà 58:1-12, Deutarónómì 24:14-15, Mátíù 6:16-18

Bí o bá ń gbé ní Ṣómólú tàbí Bàrígà, o ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ kí n tó sọ ọ́. Bí ọdún bá ti ń parí lọ, oorun kì í kun àwọn atẹ̀wé Ṣómólú lójú mọ́. Láti Bájúláyé dé àwọn àdúgbò kéékèèké tó yí i ká, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń dún tọ̀sán-tòru, òórùn íńkì gba afẹ́fẹ́ kan, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń ru bébà kọjá láàárín ọkọ̀ bí ẹni pé ojú wọn kò rí nǹkan kan. Kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń tẹ̀, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, àti ìwé ìléwọ́ àwọn ìjọ. Iṣẹ́ kan sì wà tí kì í wọ́n lásìkò yẹn: ìwé ètò ààwẹ̀ àti àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ọlọ́jọ́ 3, ọlọ́jọ́ 7, ọlọ́jọ́ 21, ọlọ́jọ́ 40. Ó ṣeé ṣe kí èyí tó wà nínú Bíbélì rẹ báyìí ti ibẹ̀ wá.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní láàárọ̀ yìí. Ọmọ tó dúró ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi tẹ ìwé ààwẹ̀ rẹ yẹn, ǹjẹ́ wọ́n ti san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un?

Mo ní ìdí tí mo fi béèrè. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìjọ tí mo wà nígbà náà rán mi lọ gba ìwé ètò ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún wa lọ́dọ̀ atẹ̀wé. Ìyẹn ni pé a ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ná kí ìwé tó jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nínú ìjọ mọ bí ó ti máa ń rí. Ọ̀gá atẹ̀wé náà jẹ́ onígbàgbọ́ tòótọ́. Òun náà wà nínú ààwẹ̀, ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé Bíbélì lé itan. Bí mo ti ń kà iye ìwé tí wọ́n gbé fún mi, ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ jáde wá, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ọ̀rọ̀ owó oṣù méjì yẹn ni. Ìyàwó mi bímọ lọ́jọ́ Ẹtì, wọn ò tíì jẹ́ kó máa bọ̀ nílé.”

Ọ̀gá náà kò gbé ojú sókè. “Ṣé o ò rí i pé mo wà nínú ààwẹ̀ ni? Ẹ̀mí wo ló rán ọ sí mi láàárọ̀ yìí? Jọ̀wọ́, má bà mí lẹ́mìí jẹ́.”

Ọmọ náà padà sídìí ẹ̀rọ. Èmi sì mi orí nínú ọkàn mi. Mo ti rí àpèjúwe tí n óò lò fún ìwàásù ọjọ́ Sunday. Aísáyà 58 gan-an nìyí, mo wí fún ara mi, ó dúró lójú títì ní Ṣómólú.

Ìgbà náà ni ọ̀gá atẹ̀wé yíjú sí mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí pé mo jù ú lọ. “Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹ bá mi kí Pásítọ̀. Bálàǹsì iṣẹ́ Àjíǹde tó kọjá, àti ti ìkórè, ṣé wọn ò tíì rí nǹkan kan ṣe sí i?”

Ará, ẹnu mi gbẹ ju tẹni tó gbààwẹ̀ lọ. Mo wà lára ìgbìmọ̀ tó gbé iṣẹ́ méjèèjì yẹn fún un. A san ìdajì sílẹ̀, a ní ká kó o lọ ná, a ó san ìyókù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn kò dé mọ́. Owó tí ọ̀gá kò rí san fún ọmọṣẹ́ rẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, nínú àpò ilé Ọlọ́run, níbi tí a ti ń gbààwẹ̀ pé kí Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn ìbùkún.

Jẹ́ kí a wo ibi tí a kà. Nígbà tí a bá ka Aísáyà 58 nínú ìjọ, a máa ń sáré dé ẹsẹ 6 nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àjàgà wà, a sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àjàgà púpọ̀. A ó dìde, a ó pàtẹ́wọ́, a ó kígbe pé kí gbogbo àjàgà ilé bàbá wa já. Ṣùgbọ́n padà sí ẹsẹ 3. Àwọn ènìyàn Ọlọ́run ń ráhùn níbẹ̀: àwọn ti gbààwẹ̀, wọ́n ti pọ́n ara wọn lójú, kí ló dé tí Ọlọ́run ṣe bí ẹni tí kò rí wọn? Ìdáhùn Ọlọ́run kò fi wọ́n sùn pé àdúrà wọn kúrú, tàbí pé wọ́n fi omi tọ́ ẹnu kí agogo mẹ́fà tó lù. Ó ní ní ọjọ́ ààwẹ̀ wọn gan-an, ìfẹ́ inú ara wọn ni wọ́n ń lépa, wọ́n sì ń ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún wọn lára. Ẹsẹ 4 fi kún un pé ààwẹ̀ wọn a máa bí ìjà àti ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ìwọ náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ebi a máa mú ènìyàn kanra. Ó rọrùn láti kígbe mọ́ ọmọ ilé, mọ́ kọ̀ndọ́kítọ̀ tí kò ní ṣéńjì, mọ́ ìyá aláta, ká sì tún fi ààwẹ̀ ṣe àwáwí.

Nígbà náà ni a tó dé ẹsẹ 6. Tún un kà pẹ̀lú ojú tuntun. Àjàgà tí Ọlọ́run ní kí wọ́n já níbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí a rò pé àwọn àgbà ilé bàbá wa gbé kọ́ wa lọ́rùn. Àjàgà tí àwọn tó ń gbààwẹ̀ náà gbé kọ́ ọmọ ẹlòmíràn lọ́rùn ni. Ẹni tó ń gbàdúrà ni ó ń di okùn náà mú. Kò sí áńgẹ́lì kan tí a ó rán láti ọ̀run wá tú u. Ọwọ́ rẹ̀ ni kí ó ṣí. N kò sọ pé Ọlọ́run kì í gba ènìyàn lọ́wọ́ ìdè òkùnkùn. Ó ń gbà wọ́n, mo ti rí i. Ohun tí orí ìwé yìí ń sọ ni mo ń sọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú Deutarónómì 24 tí mo rò pé ó yẹ kí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ọlọ́run ní kí a san owó iṣẹ́ alágbàṣe ní ọjọ́ tó ṣe é, kí oòrùn tó wọ̀, nítorí pé òtòṣì ni, ó sì ti gbé ọkàn lé e. Bí a kò bá san án, yóò ké pe Olúwa nípa wa, yóò sì di ẹ̀ṣẹ̀ sí wa lọ́rùn. Ìwọ tí o ń gbààwẹ̀, kí ni ò ń wò láti agogo mẹ́rin ọ̀sán? Ṣebí oòrùn ni. Bí ó bá ti wọ̀, wàá ṣínu. Oòrùn kan náà ni ọmọṣẹ́ rẹ ń wò. Kí ó tó wọ̀ ni Ọlọ́run ní kí owó rẹ̀ ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Láti inú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, àdúrà méjì ni yóò máa gòkè ní wákàtí kan náà: ti ọ̀gá tó ń bẹ Ọlọ́run fún iṣẹ́ ńlá láti ilé iṣẹ́ epo, àti ti ọmọ tó ń ké pé òun ṣiṣẹ́, òun kò rí owó gbà. Jákọ́bù 5:4 sọ fún wa èwo nínú méjèèjì ló ti dé etí Olúwa àwọn ọmọ-ogun.

Bóyá o ní o kò ní ọmọṣẹ́, kì í ṣe ọ̀gá ni ọ́. Ó dára. Ta ni ń fọ aṣọ rẹ? Ta ni ń gbé omi wá fún ọ nígbà tí kò sí iná? Ìyá tó ń ta àkàrà ní ìkángun àdúgbò, tí o ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, ṣé o ti san án? Ọmọ tó ń kó pàǹtí, télọ̀ tó rán aṣọ ìdúpẹ́ rẹ, olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ rẹ lẹ́sìn nírọ̀lẹ́? Ní ilé oníyàrá-kojú-yàrá tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé ní Bàrígà, owó iná lásán ti fa ìjà láàárín àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ààwẹ̀ kan náà.

Ẹ̀yin ìyá ilé, ọ̀rọ̀ kan tún wà fún yín tí n kò ní fi bò. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí ẹ mú wá láti ìlú òkè, tí ẹ kò sè oúnjẹ fún láti àárọ̀ nítorí pé gbogbo ilé ń gbààwẹ̀, ọmọ yẹn kò sí nínú ààwẹ̀. Ebi ni ẹ fi ń pa á. Ààwẹ̀ jẹ́ ohun tí ènìyàn fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ gbé lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹni tí kò lè sọ pé rárá kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn àgbà wa ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọmọ tí ebi ń pa kò gbọ́ gbogbo àdúrà tí ẹ ń gbà lé e lórí.

Àìsàn yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí wa. Ní ọdún 518 ṣáájú ìbí Olúwa wa, ní ọdún kẹrin Dáríúsì ọba, àwọn kan wá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ àwọn àlùfáà àti wòlíì ní Jerúsálẹ́mù. Ìtàn náà wà nínú Sakaráyà 7. Láti ìgbà tí àwọn ará Bábílónì ti jó Tẹ́ḿpìlì ni àwọn Júù ti ń gbààwẹ̀ ní oṣù karùn-ún. Tẹ́ḿpìlì ti ń di kíkọ́ padà báyìí; ṣé kí àwọn ṣì máa sunkún lọ? Ìbéèrè tó dára ni. Ọlọ́run sì fi ìbéèrè dá wọn lóhùn: ní gbogbo àádọ́rin ọdún yẹn, ṣé òun ni wọ́n ń gbààwẹ̀ fún ní tòótọ́? Lẹ́yìn náà, kò dárúkọ ọjọ́ tàbí oṣù kankan. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìdájọ́ òtítọ́, nípa opó, ọmọ aláìníbaba, àlejò àti tálákà. Àádọ́rin ọdún ni ènìyàn lè fi gbààwẹ̀ kó má mọ ẹni tó ń gbà á fún.

A tilẹ̀ rí ààwẹ̀ tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ka 1 Àwọn Ọba 21:9. Jésébẹ́lì pàápàá kéde ààwẹ̀! Àwọn àgbààgbà ìlú jókòó, wọ́n ti fi oúnjẹ sílẹ̀, kí wọ́n lè rí ọ̀nà pa Nábótì, kí ọba sì gba ilẹ̀ rẹ̀. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 23:12, àwọn tó ju ogójì lọ búra pé àwọn kò ní jẹ, àwọn kò ní mu, títí àwọn yóò fi pa Pọ́ọ̀lù. Nígbà mìíràn tí mo bá gbọ́ irú àdúrà tí àwa náà ń gbà lórí ìkún òfìfo, lòdì sí onílé tí a jẹ ní owó ilé oṣù mẹ́jọ, mo máa ń rántí àwọn ogójì wọ̀nyẹn. Ìwé Mímọ́ kò sọ ọjọ́ tí wọ́n padà jẹun.

Ǹjẹ́ kí a wá pa ààwẹ̀ tì? Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí o gbọ́ mi bẹ́ẹ̀. Olúwa wa gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́ ní aginjù. Nígbà tó ń kọ́ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ nínú Mátíù 6, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀ dájú pé wọn yóò gbààwẹ̀; ọ̀nà tí wọn yóò gbà ṣe é ló kọ́ wọn. Inú ààwẹ̀ ni ìjọ Áńtíókù wà nígbà tí Ẹ̀mí Mímọ́ ní kí wọ́n ya Bánábà àti Sọ́ọ̀lù sọ́tọ̀. Ìwé ìkọ́ni àtijọ́ kan tí à ń pè ní Didache fi hàn pé ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì ni àwọn Kristẹni ìgbà yẹn ń gbààwẹ̀. Nítorí náà bí ìjọ rẹ bá ń ṣe ààwẹ̀ ọjọ́rú tàbí ọjọ́ Ẹtì, kì í ṣe ní Èkó la ti hùmọ̀ rẹ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá pàápàá, ìran tó ṣáájú wa kò fi ààwẹ̀ ṣeré. Ní ọdún 1918 tí àjàkálẹ̀ àrùn gágá gba ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó, tó sì tàn dé ìgbèríko, àwọn onígbàgbọ́ díẹ̀ kó ara wọn jọ fún àdúrà ní ìjọ Áńgílíkà St. Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde. Joseph Shadare àti Sophia Odunlami wà lára wọn. Láti ibẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ti jáde. Ní oṣù October ọdún 1928, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì fún ìjọba gbọ́ ìpè Olúwa lẹ́nu iṣẹ́. Joseph Ayọ̀ Babalọlá ni. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wọ inú ààwẹ̀ àti àdúrà, ìgbé ayé rẹ̀ sì nìyẹn títí ó fi sùn nínú Olúwa ní ọdún 1959. Ní July 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oóyè, Iléṣà, tí àwọn ènìyàn fi ń wọ́ wá láti ibi gbogbo. Nítòsí wa níbí, ẹ̀kọ́ Bíbélì tí W. F. Kumuyi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Yunifásítì Èkó, Akọ́ka, ní ọdún 1973 ti di ìjọ tí gbogbo ayé mọ̀. Òkè Iná tí olú ilé rẹ̀ wà ní Onike ń gba ààwẹ̀ àti àdúrà àádọ́rin ọjọ́ lọ́dọọdún. Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ yìí, ilẹ̀ ààwẹ̀ ni.

Kí ni àwọn àkọ́kọ́ ń ṣe tí àwa kò ṣe mọ́? Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o kíyè sí. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejì, ìwé kan wà tí àwọn onígbàgbọ́ Róòmù ń kà, tí a mọ̀ sí Olùṣọ́-Àgùntàn Hámásì. Ó kọ́ wọn pé lọ́jọ́ ààwẹ̀, kí wọ́n ṣírò iye owó oúnjẹ tí wọn ìbá jẹ, kí wọ́n sì fi fún opó, tàbí ọmọ aláìníbaba, tàbí aláìní. Ní àkókò kan náà, Kristẹni kan ará Áténì tó ń jẹ́ Aristides kọ̀wé nípa ìgbé ayé àwọn onígbàgbọ́. Ó ní bí tálákà bá wà láàárín wọn tí wọn kò sì ní oúnjẹ tó ṣẹ́ kù, wọn yóò gbààwẹ̀ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n lè rí oúnjẹ fún un. Oúnjẹ tí kò wọ ẹnu tiwọn a máa wọ ẹnu ẹlòmíràn.

Gbé ìṣirò yẹn wá sí Bàrígà. Ká ní oúnjẹ ọ̀sán rẹ lọ́dọ̀ ìyá alámàlà jẹ́ 1,500 náírà. Ní ọjọ́ 21, ó ti di 31,500 náírà. Níbo ni owó yẹn wà? Nínú ọ̀pọ̀ wa, ó ti yọ́ sínú oúnjẹ ìṣínu: ẹran méjì dípò ẹyọ kan, èso, ohun mímu tútù. A jẹ ní alẹ́ ohun tí a kò jẹ ní ọ̀sán, pẹ̀lú èlé. Bí o bá lè yọ 31,500 yẹn sọ́tọ̀, ó lè san bálàǹsì owó ilé ìwé ọmọ opó kan.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sọ nípa ara, nítorí àwọn kan ti fi àìmọ̀ ṣe ara wọn léṣe. Bí o kò bá jẹun, ẹ̀dọ̀ rẹ yóò kọ́kọ́ máa tú ṣúgà tó ti kó pamọ́ jáde. Bí ó bá ti tó nǹkan bí ọjọ́ kan, ara yóò yíjú sí ọ̀rá. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ kejì àti ìkẹta ààwẹ̀ gígùn fi máa ń le, tí orí ń fọ́, tí ara sì ń wá rọlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ara kò ní ibi kankan tó ń kó omi pamọ́ sí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará wa tó ń wa iyanrìn ní etí omi Ìlàjẹ, àwọn tó ń ru ẹrù lábẹ́ oòrùn, awakọ̀ àti kọ̀ndọ́kítọ̀ tó ń ti agogo márùn-ún àárọ̀ jáde, ẹ mu omi. Ààwẹ̀ Ẹ́sítérì tí kò ní omi, ọjọ́ mẹ́ta péré ni, ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè gbogbo orílẹ̀-èdè kan sì ló fà á.

Aláboyún, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹni tó ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí ti kòkòrò HIV, kí wọ́n bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dá ara wọn dúró. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó sì ń gba abẹ́rẹ́ insulin, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, kó sì dákú. Àìmu omi lè gbé ìrora ńlá dìde lára ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀larọ́. Kò sí àìgbàgbọ́ nínú kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹun. Dáníẹ́lì orí 10 fi ọ̀nà mìíràn hàn wá: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi fọwọ́ kan oúnjẹ aládùn, ẹran àti wáìnì, Ọlọ́run sì gbọ́ tirẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ẹlòmíràn lè fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, tàbí fóònù, tàbí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. (Ti ìkẹyìn yìí le ju ti oúnjẹ lọ fún àwọn kan, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ara mi.) Bí o bá sì fẹ́ ṣínu lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀, ẹ̀kọ mímu àti èso ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Má ṣe gbé òkè ẹ̀bà lé ikùn tó ti sinmi.

Nípa àṣehàn, Jésù ti sọ ọ́ tán: fi òróró pa orí rẹ, bọ́jú. Ó ṣòro díẹ̀ nínú ilé tí yàrá mẹ́wàá ti ń lo ilé ìdáná kan, nítorí gbogbo ilé ló mọ ẹni tí kò dáná. Síbẹ̀ o lè ṣe é láìkéde. Àwọn aládùúgbò wa Mùsùlùmí ń jí ní sààrì lóṣù Rámàdánì, wọ́n sì ń lọ síbi iṣẹ́. Kò yẹ kí tiwa jẹ́ ìdí tí a kò fi ní ṣí ṣọ́ọ̀bù tàbí tí a kò fi ní dá oníbàárà lóhùn.

Mo mọ̀ pé o fẹ́ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ atẹ̀wé yẹn ti parí. Mo gbé e dé ìgbìmọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Akápò ní àpò gbẹ, ká dúró di ọjọ́ ìdúpẹ́ tí ààwẹ̀ bá parí. Ẹnìkan ní ará wa ni atẹ̀wé, kò ní bínú. Mo fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀, kí n sọ òtítọ́, nítorí pé ebi ń pa mí, mo sì fẹ́ lọ sùn. Màmá àgbà kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ló béèrè pé, ṣé owó ìjókòó tuntun tí a ti kó jọ kò lè dúró ni? Gbogbo wa dákẹ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ààwẹ̀, mo gbé owó náà lọ sí Ṣómólú, ó pé pérépéré. Ọ̀gá atẹ̀wé gbà á, ó kà á, omi lé ròrò sí i lójú. Ọmọ náà ti lọ ní ọjọ́ kejì tí mo wá. Ó ti bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ ní Mushin kí ó lè rí owó gbé ìyàwó rẹ̀ jáde. Ọ̀gá rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ó wọ ọkọ̀ ní Fádéyí, ó lọ wá a. Oṣù méjì náà ló san fún un. Ọmọ náà gbà á, ó dúpẹ́, kò sì padà wá. N kò dá a lẹ́bi.

Fún ẹni tó ń darí àdúrà àárọ̀ yìí: kí a tó gbé orin kankan, jẹ́ kí gbogbo ilé dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kí olúkúlùkù dárúkọ nínú ọkàn rẹ̀ ẹni tó jẹ lówó iṣẹ́, àti iye rẹ̀. Kí ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ san án lónìí kí ó tó ṣínu. Kí ẹni tí kò ní in lọ bá ẹni náà, kí ó sọ ọjọ́ tí yóò san án, kí ó sì san díẹ̀ sílẹ̀.

Àdúrà: Baba, ìwọ tí o gbọ́ ohùn alágbàṣe, dárí jì mí. Fi orúkọ ẹni tí mo gbàgbé hàn mí láàárọ̀ yìí. Fún mi ní ìtìjú tó tó láti lọ bẹ̀ ẹ́, àti owó tí n óò fi san án. Ní orúkọ Jésù. Àmín.